Ẹ̀jẹ̀ yìí ò dá mọ́, ẹ gbà mí o

Ìyá Fàtímọ̀: Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni ọdún 49 ni mí, àdìrẹ ni mò ń tà n'Ítòkú. Ńkan oṣù mi ń dà yàà, ó ń jáde ní dídì bí ẹ̀dọ̀. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa, bí mo ṣe dìde, ìdí léèsì mi ti rin, gbogbo wọn ń wo àga tí mo jókòó sí. Léèsì tí mi ò tíì san owó rẹ̀ tán! Bàbá Fàtímọ̀ ò tiẹ̀ béèrè bí mo ṣe jí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń sọ káàkiri pé oyún ni mo ṣẹ́. Kí ni mo lè lò?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Fáíbírọ́ìdì ni. Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mò ń fi páàdì lé páàdì, mò ń jẹ yìnyín ṣáá. PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara mi, já sí 19, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ má gbà fún ọ̀bẹ o. Àgbo wà.

Màmá Tọ́lá: Àgbo wo? Àǹtí mi mu ún títí ó fi dákú nídìí ààrò.

Àbẹ̀kẹ́: Àgbo náà làwọn ìyá wa lò.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ dúró ná. Ìyá Fàtímọ̀, ìgbà wo lẹ rí i gbẹ̀yìn kó tó di eléyìí? Ṣé ẹ ti ya àwòrán ilé ọmọ?

Ìyá Fàtímọ̀: Mi ò mu àgbo o, Màmá Tọ́lá. Owó iléèwé ló wà nílẹ̀, kò sówó àwòrán. Ó ti lọ tẹ́lẹ̀ ni, Àǹtí. Láti Iléyá èṣí ni mi ò ti rí i, Iléyá ọdún yìí kọjá kó tó padà. Inú mi kọ́kọ́ dùn, mo ní ara mi ṣì le.

Ìyá Ìbejì: Háà, tèmi ò lọ rí o.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ìyá mi, ìyẹn kì í ṣe ńkan oṣù mọ́. Kó tó lọ pátápátá, ó lè máa ṣe ségesège. Àmọ́ bó bá ti pé oṣù 12, ẹ̀jẹ̀ tó bá tún wá, ìbáà ṣe ẹ̀kán kan, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á ya àwòrán, wọ́n lè mú bíńtín nínú ilé ọmọ lọ yẹ̀ wò. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ bó bá jẹ́ òun, ó sàn ká tètè rí i.

Ìyá Fàtímọ̀: Ṣé kí n dúró kó dá ná?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Rárá o. Ẹ lọ lọ́la. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí páàdì kan ò lo wákàtí kan, alẹ́ yìí ni.

Ìyá Fàtímọ̀: Òòyì ti ń kọ́ mi láti àná. Ẹ jẹ́ n pe Bàbá Fàtímọ̀.