Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n ra ẹ̀rọ tó ń wá wúrà fún oko bàbá wa l'Ókèmẹ̀sí?

Ọmọ Olókè:
Èkìtì kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Oko kòkó bàbá wa wà lẹ́yìn òkè, níbi tí Òkèmẹ̀sí ti bá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pààlà. Odò kékeré kan gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú tí omi sì fà, ìsàlẹ̀ odò yẹn máa ń dán yinrinyinrin. Àbúrò mi bu yanrìn rẹ̀ sínú ìgò, ó ní wúrà ni. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé láti 2021 ni wọ́n ti ń yọ́ wúrà ní Ṣẹ̀gilọlá ní Ọ̀ṣun, kò jìnnà sí wa. Ilẹ̀ ò kúkú mọ̀ pé ìjọba ti pín wa sí ìpínlẹ̀ méjì.

Ẹnì kan n'Íbàdàn fẹ́ ta metal detector fún mi. Ó ní GPX 5000 ti ilé iṣẹ́ Minelab ni, tòkunbọ̀ tó mọ́, pé ó ń rí wúrà tó jìn tó mítà mẹ́ta. Owó tó pè é kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ìyàwó mi ní òun ò gbọ́. Kí ni kí n ṣe?

Adé Ìjerò:
Ẹ gbọ́ ti ìyàwó yín.

Bàbá Yangí:
Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀, torí mo ti gbé ẹ̀rọ yìí kọ́ èjìká lápá Iléṣà.

Kò mọ wúrà yàtọ̀ o. Irin ló ń gbọ́, irinkírin. Àwo tó wà nídìí rẹ̀ ló ń rán agbára wọlẹ̀, bí ohun tó lè gbé iná bá wà níbẹ̀, á dá a lóhùn, ẹ̀yin á sì gbọ́ ọ létí. Hóró wúrà kékeré àti bébà dídán inú páálí sìgá, ohùn wọn jọra. Ìṣó, ìdérí ìgò, ẹ̀já àdá, gbogbo wọn lẹ máa wà. Èyí tó máa dààmú yín jù ni ọta ọdẹ. Ó kéré, ó wúwo, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ fetí mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí wúrà. Ẹ wo iye ọdún táwọn ọdẹ ti ń yìnbọn sí ọ̀yà létí odò yẹn.

Yangí ńkọ́? Ilẹ̀ pupa wa yìí kún fún irin. Ẹ̀rọ tí kò wọ́n, àwọn tó ń jẹ́ VLF, á kàn máa ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Irú ti GPX yẹn, pulse induction, ló ń fara da yangí, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Èyí náà sì níṣẹ́ tirẹ̀: kẹ́ ẹ tó rìn, ẹ ó wá ibi tí kò sí irin, ẹ ó máa gbé àwo sókè sódò níbẹ̀ títí ariwo á fi rọlẹ̀. Bí àwọ̀ ilẹ̀ bá yí padà, ẹ tún un ṣe.

Tó bá dún, ẹ wà á, ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi àwo kọjá lórí ihò, kẹ́ ẹ tún fi kọjá lórí iyẹ̀pẹ̀. Èyí tó bá ń dún nínú méjèèjì lẹ máa tẹ̀ lé. Tó bá jẹ́ iyẹ̀pẹ̀, ẹ pín in sí méjì, ẹ tún pín in, títí yóò fi ku ẹ̀kúnwọ́ kan. Ike ni kẹ́ ẹ fi bù ú, torí ṣọ́bìrì fúnra rẹ̀ á dún.

Ti mítà mẹ́ta yẹn, irọ́ ni. Hóró wúrà tí kò ju ẹ̀wà lọ, bó bá ti jìn ju ẹsẹ̀ bàtà kan, èmi ò ní dúró dè é.

Fóònù Adó:
Owó yẹn nìkan ti tó ẹ̀rí. GPX 5000 wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ kó wá sí Áfíríkà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ ní kó ya nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà ránṣẹ́, kẹ́ ẹ fi béèrè lọ́wọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá sì máa dán an wò, kó má jẹ́ lórí sìmẹ́ńtì ilé rẹ̀ o. Ẹ ri yẹtí wúrà mọ́ inú yangí, kó wá a fún yín. (Bóyá ìyàwó yín á yá yín ní yẹtí, n ò mọ̀.)

Èyí tó ní eriali méjì, tí wọ́n ní ó ń nàka sí wúrà láti kìlómítà kan, ẹ má tiẹ̀ dúró gbọ́ ẹnu ẹni tó ń tà á.

Ìyá Èfọ̀n:
Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ta ló ti rí wúrà? Ohun tó ń dán lódò wa, mica ló sábà máa ń jẹ́, òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń dán lásán. Ọmọ mi, da yanrìn inú ìgò yẹn sí àtẹ́lẹwọ́, kí o dúró sábẹ́ igi. Tí dídán yẹn bá lọ, mica ni. Wúrà pupa nínú oòrùn, ó pupa nínú òjìji. Fi ẹnu abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́: mica á bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wúrà á kàn tẹ̀ wọnú ni.

Lẹ́yìn náà, gbé igbá fífẹ̀ lọ sódò. Yanrìn òkè kọ́ ni kí o bù. Ẹ̀yìn òkúta ńlá ni, níbi tí omi ti ń rọra lọ, àti inú kọ̀rọ̀ ibi tí odò ti yí. Wà á títí kan àpáta, kí o ha inú ibi tó là. Wúrà fi nǹkan bí ìlọ́po 19 wúwo ju omi lọ, yanrìn lásán kò tó ìlọ́po 3, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló ń sùn. Mi igbá náà nínú omi kí èyí tó wúwo wálẹ̀, kí o dà á síwájú díẹ̀, kí fífúyẹ́ máa bá omi lọ. Tó bá ku yanrìn dúdú, rọra. Ibẹ̀ ni yóò wà bó bá wà. Wúrà lẹ́búlẹ́bú báyìí, ẹ̀rọ ò lè gbọ́ ọ, igbá ló máa ń mú un.

Bàbá Yangí:
Òótọ́ ni Màámá sọ. Àmọ́ n ò gbà pé ẹ̀rọ ò wúlò rárá. Bí igbá bá mú wúrà tó rí págunpàgun, tí ara rẹ̀ kò tíì jọ̀lọ̀ nítorí omi ò yí i pẹ́, òkúta tó bí i kò jìnnà. Nígbà náà ni kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ gun òkè, sí ibi tí òkúta funfun ti là gba inú ilẹ̀ kọjá.

Lọ́yà Abúlé:
Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ ni ti bàbá yín, wúrà inú rẹ̀ kì í ṣe tiyín. Òfin ohun àlùmọ́nì ti 2007 fi gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìwé àṣẹ tó kéré jù, reconnaissance permit, ọdún kan ló ń lò. Ó fún yín láyè láti wá a kiri, kò fún yín láyè láti gbẹ́lẹ̀. Ẹ lọ bá ọ́fíìsì ohun àlùmọ́nì ti ìjọba àpapọ̀ l'Ádó, kẹ́ ẹ mú àmì ibi tí oko wà lórí máàpù dání. Ẹlòmíì lè ti gba àṣẹ lórí ilẹ̀ yẹn láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ yín lórí kòkó tó bá bàjẹ́ ṣì wà, ẹ má buwọ́ lùwé láìkà á. Láti 2024 sì ni sífú difẹ́ńsì ti ní àwọn Mining Marshals tó ń mú ẹni tó bá ń wà á láìgbàṣẹ.

Ọmọ Olókè:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo lọ sábẹ́ igi o, dídán yẹn lọ pátápátá. Àbúrò mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Àmọ́ àwọn ọmọkùnrin kan wá láná, wọ́n ní káwọn máa wà á, ká pín in sí méjì. Wọ́n ní àwọn mú mẹ́kúrì tí wọ́n fi ń kó wúrà jọ dání.

Adé Ìjerò:
Má gbà! Wá wo ọ̀dọ̀ wa n'Íjerò. Wọ́n wà á, wọ́n lọ, ihò kún fómi, ewúrẹ́ ń kó sí i. Iyẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ tó wá sókè kò gba kòkó mọ́.

Lọ́yà Abúlé:
Mẹ́kúrì tí wọ́n bá dáná sí, èéfín rẹ̀ á wọnú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó wà nítòsí, èyí tó bá ṣẹ́ kù á bá odò lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n lọ òkúta kankan nílé. Ní Zamfara, 2010, òjé tó wà nínú òkúta wúrà ló pa ọmọdé tó lé ní 400.

Ọmọ Olókè:
Mo ti lé wọn. Mo sì sọ fún ará Ìbàdàn pé kó gbé ẹ̀rọ wá ká dán an wò nínú yangí. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́.

Fóònù Adó:
Ẹ bulọ́ọ̀kù ẹ̀.

Ìyá Èfọ̀n:
Ṣé Sátidé lo fẹ́ lọ mi igbá? Mo ní ọmọ kan tó mọ̀ ọ́n mì, ó lè wọ ọ̀kadà láti Ìta-Awúre wá. Owó ọkọ̀ tiẹ̀ ni kí o san, kí o sì wá oúnjẹ fún un.