Àbọ̀ ìbéèrè mi: mọ́tò ẹ̀rọ ata ìyá mi

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ará. Mọ́tò 1 hp (horsepower kan, ìyẹn 746 wáàtì) tí ìyá mi fi ń lọ ata ní Ọjà Ìpàtà, nílùú Ìlọrin níbí, ló ń jó fíúsì 5A (áńpíà márùn-ún) ṣáá. Mo ti fi 230 fóólù pín 746 wáàtì, ó fún mi ní 3.2A, mo ní 5A ti tó.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n ha ọ̀dà kúrò lára àwo irin tó wà lára mọ́tò, Ọlọ́run á bù kún yín. 746 wáàtì yẹn ni agbára tí mọ́tò fi ń yí ọlọ, kì í ṣe èyí tó ń gbà lára iná. Ohun tó wà lára àwo náà ni pé 70% péré ló ń di iṣẹ́, ìyókù á di ooru. Power factor rẹ̀ (ìdá tó jẹ́ wáàtì gidi nínú fóólù × áńpíà tó ń fà) sì jẹ́ 0.80. Torí náà: 746 ÷ (230 × 0.70 × 0.80) = 5.8A.

Mo yá clamp meter (ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ wáyà láti fi wọn áńpíà tó ń gba inú rẹ̀ kọjá), mo fi há wáyà kan ṣoṣo (tẹ́ ẹ bá há méjèèjì pọ̀, òdo lẹ máa rí). Ó kọ 6.1A. Iná ò lágbára lọ́jọ́ náà, 215 fóólù ni. Bí fóólù bá wálẹ̀, tí iṣẹ́ ò dín kù, mọ́tò á fa iná sí i. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ó lè fà tó ìlọ́po márùn-ún sí méje fún ìgbà díẹ̀. Mo ti bẹ ìyá mi pé kí wọ́n má da ata sí i kó tó yí dáadáa.

Wáyà rẹ̀ nípọn tó, mo ti fi 13A sí i. Ọjọ́ kẹta rèé, kò jó mọ́. Ìyá mi ní kí n kí gbogbo yín.