Ọ̀pẹ ágíríìkì tí mo rà ń so oríṣi mẹ́ta, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tẹ̀nẹ́rà gidi?

OmoOwa_Oloko
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin àgbà oko. Ìbéèrè òpè nípa ọ̀pẹ ni mo gbé wá, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 2020 mo ra ọmọ ọ̀pẹ 116 lọ́wọ́ bọ̀dá kan tó ń ta igi lẹ́bàá títì, fún ilẹ̀ bàbá mi lọ́nà Ifẹ̀wàrà, éékà méjì ni, ó sì búra fún mi pé tẹ̀nẹ́rà ni gbogbo ẹ̀, ìyẹn ọ̀pẹ ágíríìkì tí epo ẹ̀ pọ̀, pé òun fúnra òun lòun ṣa èso ẹ̀ lábẹ́ ìyá tẹ̀nẹ́rà tó ń so bí nǹkan míì. Mo gbìn ín, mo ro oko títí ẹ̀yìn fi fẹ́ kán, wọ́n wá ń so báyìí, àmọ́ ohun tí mò ń rí ò yé mi. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà oko, tó o bá gún ẹyìn ẹ̀, èkùrọ́ ló kún odó, epo ò ju kí wọ́n fi ta ẹ̀fọ́ lọ. Èyí tó tẹ̀lé e, ẹran ló pọ̀ lára ẹ̀, èkùrọ́ ẹ̀ kékeré. Àwọn kan tún wà tí wọ́n tutù yọ̀yọ̀, wọ́n ga ju ẹgbẹ́ wọn lọ, wọ́n á yọ ìdì dáadáa, kó tó pọ́n ó ti jẹrà mọ́ igi. Àbúrò bàbá mi wá ní èyí tí ẹyìn ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé nígbà tí kò tíì pọ́n, tí kò dúdú, òun ni ágíríìkì. Ṣé òótọ́ ni? Àbí mo lè wo ewé ẹ̀ kí n mọ̀?

BabaAgbe_Osu
Àbúrò, o kú iṣẹ́. Ewé ò lè sọ ọ́ fún ẹ, ìdúró igi ò sì lè sọ ọ́. Dúrà, tẹ̀nẹ́rà, pisífẹ́rà, ọ̀pẹ ilẹ̀ wa kan náà ni gbogbo wọn, èésan tó bo ọmọ èkùrọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀, inú èso lo sì ti máa rí i.

Ṣe báyìí. Ká ẹyìn tó pọ́n láti àárín ìdì, má mú àwọn tó ti pẹlẹbẹ torí pé ẹgbẹ́ wọn fún wọn mọ́lẹ̀, mú bíi mẹ́fà lórí igi kan. Là á ní ìbú o, kì í ṣe ní gígùn. Gbé e lé pákó, fi etí àdá lé e, kó o wá fi igi gbá ẹ̀yìn àdá, torí èésan dúrà máa ń ta àdá dànù, ìka mi òsì jẹ́rìí sí i. Wá wo ojú ibi tó o gé. Tó bá jẹ́ dúrà, èésan á nípọn, mílímítà 2 títí dé 8, ẹran á lẹ̀ mọ́ ọn tààrà láìsí nǹkan kan láàárín. Tó bá jẹ́ tẹ̀nẹ́rà, èésan á fẹ́lẹ́, wàá sì rí tóótòòtó dúdú wínníwínní tó yí èésan yẹn po bí ẹni so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí ọmọdé. Okùn inú ẹran ẹyìn lo rí yẹn. Pisífẹ́rà ní ìlẹ̀kẹ̀ yẹn o, àmọ́ kò ní èésan rárá, àdá á kọjá wẹ́rẹ́ bí ẹni gé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ni kó o máa wá, má gbójú lé fífẹ́lẹ́ nìkan. Èésan tẹ̀nẹ́rà lè nípọn tó mílímítà 4, ti dúrà míì ò sì ju 2 lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dàrú mọ́ èèyàn lójú.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ewé tí bàbá sọ, ká má bá àgbà jiyàn, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni tìyẹn. Èyí tó máa ń dúdú ní tútù wà, èyí tó máa ń ní àwọ̀ ewé wà, dúrà lè rí bẹ́ẹ̀, tẹ̀nẹ́rà náà lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan tó dáa nínú aláwọ̀ ewé ni pé tó bá pọ́n kì í fi ara pamọ́, ó máa ń yí sí àwọ̀ ọsàn kedere, ẹni tó ń kọ ọ̀pẹ ò ní gé tútù.

IyaAlepo_Ife
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ò mọ ìwé, àmọ́ ọdún tí mo ti lò nídìí ẹbu ti ju ọjọ́ orí ẹlòmíì níbí lọ. Ìyá mi máa ń pe èyí tí eyín lè fọ́ ní àrúnfọ́, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ tẹ̀nẹ́rà létí wa, igbó la ti ń rí i, ẹyọ kan níbí ẹyọ kan lọ́hùn-ún. Tí wọ́n bá gbé ẹyìn ẹ̀ wá, àwa tí à ń tẹ̀ ẹ́ máa ń mọ̀ látinú ìhá, ìhá ẹ̀ pọ̀, epo ẹ̀ náà pọ̀. Àmọ́ ẹ má gégùn-ún fún dúrà o. Àwọn tó ń ra èkùrọ́ lọ́wọ́ mi, dúrà ni wọ́n ń bi mí, torí ọmọ ẹ̀ tóbi, alágbẹ̀dẹ sì máa ń wá kó èésan.

Ọ̀pẹ kan ṣoṣo tí ewé ẹ̀ ń sọ ẹni tó jẹ́, ní Ifẹ̀ wa níbí, ọ̀pẹ Ifá ni. Ewé ẹ̀ lẹ̀ pọ̀, kò là sí wẹ́wẹ́ bíi ti ìyókù, o ò ní dé ìdí ẹ̀ kó o tó mọ̀.

Ẹni tó tà á fún ẹ ńkọ́? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ẹ́ kẹ̀, lọ bá a ṣe òṣómàáló!

Akeko_Botany
Ẹ̀gbọ́n OmoOwa, ohun tẹ́ ẹ sọ gan-an ti tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà, pé abẹ́ tẹ̀nẹ́rà ló ti ṣa èso. Lọ́dún 1941 làwọn Beirnaert àti Vanderweyen, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Congo nígbà tí Belgium ṣì ń ṣèjọba ibẹ̀, ti fi hàn pé jíìnì kan ṣoṣo ló ń darí èésan yìí. Gbogbo ọ̀pẹ ló gba ẹ̀dà méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá. Dúrà gba "nípọn" lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, pisífẹ́rà gba "kò sí" lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, tẹ̀nẹ́rà gba ọ̀kan ọ̀kan. Tí tẹ̀nẹ́rà bá wá fẹ́ tẹ̀nẹ́rà, nínú ọmọ mẹ́rin ọ̀kan á jẹ́ dúrà, méjì á jẹ́ tẹ̀nẹ́rà, ọ̀kan á jẹ́ pisífẹ́rà. Pisífẹ́rà yìí ló máa ń ga fìò tí ìdì ẹ̀ sì máa ń jẹrà, torí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kì í lè gbé èso dé ìparí.

Ẹ wò ó, ká ní ọ̀pẹ dúrà inú igbó ló gbọn lẹ́búlẹ́bú òdòdó sí ìyá yẹn, ìdajì ọ̀pẹ yín ì bá jẹ́ dúrà, ìdajì á jẹ́ tẹ̀nẹ́rà, ẹ ò ní rí ẹyọ kan tó ń jẹrà báyẹn. Bẹ́ ẹ ṣe ń rí i yìí, bàbá náà ní "kò sí" lára. Ẹ ka gbogbo oko, iye wọn á sọ irú ilé tí wọ́n ti wá.

Èyí tí NIFOR, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ọ̀pẹ, ń tà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Benin, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀pẹ láti 1939, ìyá ẹ̀ kì í ṣe tẹ̀nẹ́rà rárá. Dúrà ni ìyá, wọ́n á fi àpò bo òdòdó ẹ̀ kí atẹ́gùn àti kòkòrò má gbé ti ẹlòmíì wọlé, wọ́n á wá fọ́n lẹ́búlẹ́bú pisífẹ́rà sí i. Gbogbo ọmọ ẹ̀ ló máa jẹ́ tẹ̀nẹ́rà. Àmọ́ ẹ má tún ṣa èso lábẹ́ ìyẹn gbìn o, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín yìí náà ló máa ṣẹlẹ̀. Ní kékeré ojú lásán ò lè yà wọ́n, láábù nìkan ló lè fi ewé mọ̀ ọ́n, láti 2013 tí wọ́n ti rí jíìnì yẹn gan-an.

Abeke_oke_okun
Ẹ ẹ̀ rí i pé Ọlọ́run ṣì ṣàánú yín. Níbi tí mo wà ní England, igi oak ni wọ́n ń bá fà á. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, robur, ewé ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọrùn, ó ní etí kéékèèké méjì nídìí, èso ẹ̀ sì ń fì lórí ọ̀pá gígùn, wá wo petraea, ewé ẹ̀ lọ́rùn, èso ẹ̀ jókòó mọ́ ẹ̀ka. Wọ́n wá ń fẹ́ ara wọn nínú igbó, ọmọ wọn tí wọ́n ń pè ní rosacea lè gba ewé ìyá kó gba ọ̀pá èso bàbá, igi kan náà, ẹ̀ka tòkè ẹ̀ lè yàtọ̀ sí tìsàlẹ̀. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ kankan níbẹ̀ tó máa bá ẹ parí ẹjọ́. Ewé púpọ̀ ni wọ́n máa ń kó jọ látorí igi kan kí wọ́n tó lanu.

BabaAgbe_Osu
Ó dùn mọ́ mi. OmoOwa, má tíì gbé àáké sí àwọn tó ń jẹrà o! Ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so, ìdì ẹ̀ àkọ́kọ́ lè jẹrà lásán, eku náà lè ti jẹ ẹ́. Fi rẹ́ẹ̀dì pẹ́ńtì sára wọn, kó o wò wọ́n fún ọdún méjì sí i. Tí kò bá yí padà, tó bá ti dàgbà dáadáa, pe adẹ́mu.

OmoOwa_Oloko
Ẹ ṣé gan-an ni. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lo gbogbo Sátidé méjì nídìí ẹ̀, ọwọ́ wa pọ́n bí ẹni re osùn. Nínú 116, 55 ní ìlẹ̀kẹ̀ pẹ̀lú èésan, 31 jẹ́ dúrà gidi, 17 ń jẹrà, 13 kò tíì so nǹkan kan. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ò ṣòro rí rárá tó o bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan, àní lára èyí tí èésan ẹ̀ nípọn tí mo ti fẹ́ pè ní dúrà.

Mo ti lọ bá bọ̀dá yẹn, mi ò ṣòṣó o, ìdúró ni mo dúró. Kò bínú, ó mú mi lọ sídìí ìyá ọ̀pẹ náà, ó ní kí n gé e wò fúnra mi. Mo gé mẹ́fà. Ìlẹ̀kẹ̀ yí gbogbo ẹ̀ po. Òótọ́ ló sọ fún mi lọ́dún náà lọ́hùn-ún, tẹ̀nẹ́rà ni ìyá, bẹ́ẹ̀ ni mẹ́rin tó yí i ká. Nígbà tí mo wá ṣàlàyé ti ọmọ fún un, ó dákẹ́, ó ní òun fúnra òun gbin 60 lára èso yẹn sí oko tòun. A ti fi Sátidé tó ń bọ̀ sí i, èmi ni màá gbé àdá wá.