Àbùlẹ̀ ló yẹ kí a pè é, kì í ṣe àlẹ̀mọ́

Àwọn kan nínú wa ti dábàá pé kí a máa pe páànù tí pánẹ́ẹ̀bítà gé, tó sì jó (ìyẹn ni pé ó fi iná so ó pọ̀) mọ́ ibi tí ìpẹtà ti jẹ lára ọkọ̀, ní "àlẹ̀mọ́". Inú mi dùn pé a ń wá orúkọ fún un, ṣùgbọ́n èyí kò bá iṣẹ́ náà mu. Ohun tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ògiri ni àlẹ̀mọ́, ohun tó bò mọ́lẹ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Mo jókòó ti pánẹ́ẹ̀bítà kan ní Ìbàdàn nígbà tó ń tún abẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣe. Ó fi òòlù kan irin náà títí ó fi dé ibi tó dún ketekete, ó gé gbogbo èyí tó ti jẹrà kúrò, ó fi páálí wọn ojú ihò náà, ó sì fi páálí yẹn gé páànù tuntun tí kò nípọn ju bíi mìlímítà kan lọ. Kò jó o lọ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jó o díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń dúró kí ó tutù, nítorí pé bí iná bá pọ̀ jù lójú kan, páànù yóò lọ́.

Àwọn aránṣọ ti ní ọ̀rọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí tipẹ́, òun ni àbùlẹ̀: a bù ú kí a tó lẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà ní àbùlẹ̀ ní í mú aṣọ tọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọkọ̀.

Òótọ́ ni pé àbùlẹ̀ aṣọ pẹ̀lú a máa gorí ihò. Nítorí náà, mo dábàá "àbùlẹ̀ àfẹnukò" fún èyí tí ẹnu páànù méjèèjì pàdé láìgun ara wọn, àti "àbùlẹ̀ àgbélé" fún èyí tí ọ̀kan gorí èkejì. Ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì, torí pé omi a máa há sáàárín páànù tó gun ara wọn, ìpẹtà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti "jó", ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí a má pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ kí a fi "yọ́ pọ̀" rọ́pò rẹ̀ sọ òtítọ́ nípa ohun tí iná ń ṣe sí irin, ṣùgbọ́n "Ẹ bá mi jó o" ni oníbàárà ń wí fún wẹ́dà lójoojúmọ́, kò sì sí wẹ́dà tó rò pé wọ́n ní kí òun dáná sun ọkọ̀.