Ẹ bá mi wo fọ́tò bàbá àgbà: ṣé ṣọ́jà Bọ́mà ni wọ́n àbí ti Abisíníà?

Ọmọ Ìkìrun

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìrántí bàbá tó bí ìyá mi ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ẹbí sì fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà. Ohun tá a máa kọ sábẹ́ fọ́tò wọn ló ti di ìjà. Bọ̀dá àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní ká kọ "Sájẹ́ǹtì, Ogun Bọ́mà" (Bọ́mà ni Myanmar òde òní). Ìyá mi ní irọ́ ni, pé ilẹ̀ Abisíníà (Etiópíà òde òní) ni bàbá àwọn ti jagun, Mogadíṣù tó wà ní Sòmálíà nítòsí ibẹ̀ ò sì wọ́n lẹ́nu wọn nígbà ayé wọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà fún ẹnì kejì. Èmi tí wọ́n rí tó máa ń tẹ fóònù ni wọ́n ní kó lọ wádìí.

Fọ́tò méjì ló wà. Inú sítúdíò ni wọ́n ti ya ti àkọ́kọ́: bàbá dá dúró, ṣòkòtò péńpé, bàtà ṣọ́jà, fìlà etí gbòòrò tí wọ́n ká etí rẹ̀ kan sókè, rópù méjì lápá. Lókè rópù yẹn, nítòsí èjìká, wọ́n rán aṣọ kékeré kan mọ́ ọn tí nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyá mi ní akàn ni. Lójú tèmi, ó jọ oòrùn. Kò sí ríbọ́ọ̀nù àmì ẹ̀yẹ kankan láyà wọn. Nínú èkejì, àwọn mẹ́rin dúró ti lọ́rì kan. Bàbá gbé ìbọn dání, àdá wà níbàdí wọn. Ìbọn ẹnì kan nínú wọn ní nǹkan kan tó tẹ̀ kọ́rọ́ lórí. Èyí ti lẹ̀ mọ́ inú álúbọ́ọ̀mù, mi ò lè wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa wò?

Ẹni Ayé Ń Fẹ́

Ogun Biafra nìyẹn jàre. Gbogbo fọ́tò ṣọ́jà tó wà nílé wa, ogun Biafra ni.

Ọmọ Bárékè

Nílé tiyín nìyẹn. Ọmọ Ìkìrun, ẹ fi ìbọn sílẹ̀ ná. Òun ni ojú gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń lọ, òun náà ló sì máa ń tan ni jù. Bí igi ara ìbọn bàbá yín bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu rẹ̀, tí ẹnu náà kù kúńdú, Lee-Enfield àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ti ń lò látọdún 1907. Bí irin bá yọ síta díẹ̀ níwájú igi, Number 4 ni, èyí tó jáde lásìkò ogun Hítílà. Èyí tó ní nǹkan tó tẹ̀ kọ́rọ́ lórí yẹn ni Bren, ibẹ̀ ni ọta ọgbọ̀n máa ń wà. Àmọ́ ìbọn lè ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì kí wọ́n lè fi ya fọ́tò. Ohun tí wọ́n bá rán mọ́ aṣọ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Torí náà, ẹ ka ẹsẹ̀ "akàn" yẹn. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, tí orí rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀ síhà ọwọ́, aláǹtakùn ni. Aláǹtakùn dúdú lórí aṣọ yẹ́lò ni àmì Dífíṣọ̀n (ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá) 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà níbí lóṣù Kẹta 1943. Ananse inú àlọ́ àwọn ará Gánà ni wọ́n mú un, ẹni tó ń ṣe bí Ìjàpá tiwa. Wọ́n ní ìdí tí orí rẹ̀ fi wà nísàlẹ̀ ni pé bí ṣọ́jà bá nawọ́ láti yìnbọn, aláǹtakùn náà á kọjú sí ọ̀tá. Bó bá sì jẹ́ ọ̀kọ̀ méjì ló gbé ara wọn kọjá nínú òṣùká, Dífíṣọ̀n 82 nìyẹn. Bọ́mà ni àwọn méjèèjì ti jà.

Oníṣẹ́ Fọ́tò Mọ́kọ́lá

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé fọ́tò yẹn kò yí padà. Àwọn kan dojú fíìmù dé nígbà tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, apá òsì á wá di ọ̀tún. Ẹ wo ìbọn: ọ̀tún ni irin tí wọ́n fi ń kì í máa ń wà. Bẹ́ ẹ bá rí i lósì, ó ti yí nìyẹn.

Ẹ má fi ojú inú fún fọ́tò dúdú àti funfun ní àwọ̀ o. Àwọn fíìmù kan láyé ìgbà yẹn, ohun pupa á dúdú bí èédú, búlúù á sì funfun. Ẹ sì má jẹ́ kí ọmọ kankan fi í sínú àwọn ápù tó ń "tún fọ́tò ṣe". Ibi tó bá ṣú, wọ́n á fi ohun tí kò sí níbẹ̀ dí i. Mo ti rí èyí tó sọ bọ́tìnnì di àmì ẹ̀yẹ. Ẹ fi skánà oníbẹ́ẹ̀dì yà á, 1200 dpi, kẹ́ ẹ wá fa apá yẹn tóbi.

Ti inú álúbọ́ọ̀mù, ẹ má fà á. Okùn tín-ín-rín tí wọ́n fi ń yọ oúnjẹ láàárín eyín ni kẹ́ ẹ rọra fi gba abẹ́ rẹ̀. Bó bá ti kúrò, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, lẹ́ẹ̀dì tó ti parẹ́ á hàn. Orúkọ sítúdíò Íńdíà kan lè wà níbẹ̀, tàbí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA, tí í ṣe nọ́ńbà ṣọ́jà Nàìjíríà.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ mẹ́nu ba bàtà. Èyí tí mo ní nílé ti ṣáájú ogun, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi dúró, fìlà wọn sì kéré, kò létí.

Alájọpín

Àwọn òyìnbó ń ra irú fọ́tò yìí lówó gidi o.

Ìyá Ìbejì

Kí wọ́n lọ ra ti bàbá tiwọn.

Ọmọ Ìkìrun

Mo ti fa apá yẹn tóbi. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ! Orí rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Bọ̀dá àgbà ti ń jó nílé. Àmọ́ rópù méjì ni mo rí, kì í ṣe mẹ́ta ti Sájẹ́ǹtì.

Ọmọ Bárékè

Rópù méjì, Kọ́pùrà nìyẹn, ó kéré tán lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n lè ti gòkè lẹ́yìn náà. Àyà tí kò ní ríbọ́ọ̀nù kò sọ ohunkóhun, torí 1945 ni wọ́n tó gbé ríbọ́ọ̀nù Bọ́mà jáde.

Dífíṣọ̀n 81 yìí gúnlẹ̀ sí Íńdíà lóṣù Kẹjọ 1943. Wọ́n yọ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan sọ́dọ̀ àwọn Chindit, àwọn ọmọ ogun tó ń wọ ẹ̀yìn ọ̀tá lọ jà. Àwọn yòókù wọ àfonífojì Kaladan ní 1944, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfúrufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ má sì torí ìbọn rò pé gbogbo wọn ló ń yìn ín. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni. Kaladan yẹn náà ni ọta ti bà á, tí àwọn ará abúlé fi pa á mọ́ fún oṣù bíi mẹ́sàn-án. Ẹ̀ẹ́rìn tó ń pa mí ni pé bárékè Letmauk ní Mọ́kọ́lá ni mo gbé dàgbà, mi ò mọ̀ pé orúkọ ibì kan ní Bọ́mà ni. Dodan àti Arakan l'Ékòó, bákan náà.

Ẹ má dààmú bẹ́ ẹ bá wá orúkọ wọn lórí ìkànnì tó ń tọ́jú ibojì ṣọ́jà tí ẹ ò rí i. Àwọn tó kú lásìkò ogun ló wà níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún wọn nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá.

Ọmọ Ìkìrun

Ìyá mi ní ìwé kan wà lọ́wọ́ àbúrò àwọn ní Ìlá. Àmọ́ Bọ̀dá àgbà ní àwọn ò ní dáwó kàlẹ́ńdà tí kò bá sí "Sájẹ́ǹtì" níbẹ̀.

Ọmọ Bárékè

Ẹ ní kí wọ́n fara balẹ̀ kí ìwé yẹn dé. Bó bá dé, ẹ ya gbogbo ojú ìwé rẹ̀ fún wa, kì í ṣe èyí tí orúkọ wà nìkan. Ipò tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n kúrò á wà níbẹ̀. Ẹ sì wo ibi tí wọ́n kọ àmì ẹ̀yẹ sí dáadáa. Ọjọ́ 25 oṣù Kejì 1941 ni àwọn ọmọ Nàìjíríà wọ Mogadíṣù, kí aláǹtakùn tó dé rárá, torí náà ẹnì kan lè ja méjèèjì. Bẹ́ ẹ bá rí Africa Star (àmì ẹ̀yẹ ogun Áfíríkà) pẹ̀lú Burma Star (ti Bọ́mà), ìyá yín náà jàre.