Aró ń yọ lára àdìrẹ aṣọ ẹbí wa: báwo ni mo ṣe lè dá a dúró?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó wa ní Abẹ́òkúta. Kàkà ká jẹ gbèsè nítorí léèsì, a ra aṣọ òwú funfun ní ọjà Ìtòkú, èmi àtàwọn àbúrò mi sì fi ìko dì í, a rẹ ẹ́ láró fúnra wa nínú ike ńlá, pẹ̀lú caustic soda àti hydrosulphite, àwọn kẹ́míkà tí a fi ń po aró. Ọnà rẹ̀ wù mí ju ohunkóhun tí à bá rà lọ.

Àmọ́ aró ń yọ. Mo ti fi omi tútù ṣàn án títí omi fi mọ́, mo sì ti rẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀ àti fínígà. Síbẹ̀, bí mo bá fi áńkáṣíìfù funfun tútù nù ún, áńkáṣíìfù á yí aró. Bùbá funfun sì ni ìyá ọkọ mi fẹ́ wọ̀ sí i.

Ẹ̀yin aláró, ṣé ọ̀nà wà láti gba èyí tí a ti rẹ là? Fún ìyókù, báwo ló ṣe yẹ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ aṣọ pẹ́ tó kí a tó tún tì í bọ aró?