Èèpo ọta ìbọn mi ń fò síwájú: ṣé nǹkan ti bàjẹ́ nínú rẹ̀ ni?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ mọ̀ nípa ìbọn, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ń gbé, ìbọn AR-15 ni mo sì máa ń gbé lọ sí pápá ìyìnbọn lọ́jọ́ Sátidé. Ọdún kẹta rẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi, kò há rí.

Tí a bá ní ibi tí ẹnu ìbọn kọjú sí ni agogo 12, ọ̀kánkán agogo 3 sí 4 ni èèpo ọta máa ń bọ́ sí tẹ́lẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ méjì yìí, agogo 1 ló ń fò lọ, tagbáratagbára. Mo ṣa mẹ́wàá nílẹ̀ wò. Ojú kan náà ni idẹ gbogbo wọn ti tẹ̀ wọnú, etí ìdí wọn sì ha bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná fà á.

Mo mọ̀ pé bí gáàsì tí ọta ń tú jáde nígbà tó bá yìn bá pọ̀ jù, bolt (irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ìbọn) á máa yára padà sẹ́yìn, èèpo á sì máa fò síwájú. Ṣùgbọ́n mo ti pààrọ̀ ọta: .223 ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, 5.56 ni mo rà báyìí, èyí tí wọ́n kọ sára ìbọn náà. Ṣé agbára ọta yìí ló fà á, àbí spring inú ìdí ìbọn ló ti dẹ̀?

Ẹnìkan ní kí n sáà fi buffer (irin tó wà níwájú spring yẹn, tó ń dín eré bolt kù) tó wúwo sí i. Ọkàn mi ò tíì gbà á, torí mi ò fẹ́ fi bo àléébù mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?